Ta Ló Ní Kí Wáyà Má Kọjá Mítà 100?

Ẹ bi ọmọ iṣẹ́ oníná èyíkéyìí láti Ògijò títí dé Ìjẹ̀bú-Òde pé mítà mélòó ni wáyà nẹ́tíwọ̀kì, èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá, kò ní rò ó kó tó dá yín lóhùn: mítà 100. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ wá bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ 100, tí kì í ṣe 150 tàbí 80, á ní bí àwọn tó ṣe é ṣe sọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ òfin tí kò mọ ìdí rẹ̀, á máa bẹ̀rù rẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti bẹ̀rù, á sì máa fojú di í níbi tó ti lè kó bá a.

Lójú tèmi, bí ọjà Òkè-Àje ni ọ̀rọ̀ gígùn wáyà rí. Ẹrù kan wà tí wọ́n á máa bá yín ná títí ẹ ó fi jọ fẹnu kò. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti dá iye lé e. Bí ẹ bá dúró ná an títí oòrùn fi wọ̀, iye kan náà ni ẹ máa san. Iṣẹ́ ẹ̀ńjíníà ni kó mọ èwo ni èwo kó tó yọwó.

Ní Rẹ́mọ níbí, ilẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà tó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Bìní pàdé ní Ṣàgámù, ìyẹn ló ń fa àwọn oníléeṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ẹni tó kọ́ ilé iṣẹ́ sí Ìkẹjà, bó bá sín, aládùúgbò rẹ̀ á kí i. Níbí, éékà ni wọ́n ń rà. Géètì á wà lẹ́bàá títì, jẹnẹrétọ̀ á wà lẹ́yìn pátápátá nítorí ariwo, ilé ìkẹ́rùsí á wà láàárín, ọ́fíìsì á sì wà níbi tí ọ̀gá ti lè máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ máa bára wọn sọ̀rọ̀ báyìí. Láyé ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ẹsẹ̀ èèyàn ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìẹ. Tírélà máa ń kó àgbàdo wá láti òkè Ọya, wọ́n á wọn ọ́n tòun tẹrù lórí wéébíríìjì lẹ́nu géètì, wọ́n á tún wọn ọ́n nígbà tó bá já ẹrù tán, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń san owó lé lórí. Akọ̀wé kan ló ń kọ iye náà sínú ìwé tẹ́lẹ̀, òun náà ló ń gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì. Alhaja tó ni ilé iṣẹ́ náà ní òun kò fẹ́ ìwé mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé gbogbo wa: láàárín géètì àti ọ́fíìsì, kílò máa ń rù. Ó fẹ́ kí iye náà ti orí wéébíríìjì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà akáńtà láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kí wọ́n tó pè mí, wọ́n ti fa wáyà. Mítà 140 ni, ó gba abẹ́ páànù ilé ìkẹ́rùsí kọjá lọ já sí súwíìṣì, àpótí tó ń pín ọ̀rọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì. Bàbá tó fà á ti ń ṣiṣẹ́ iná kí wọ́n tó bí mi, kò sì sí ohun tó burú nínú bó ṣe kàn án mọ́ igi: ó gún régé, kò fì, kò sì fara kan wáyà iná ńlá.

"Ẹ̀ńjíníà, ṣé o rí iná tó ń ṣẹ́jú lára súwíìṣì yẹn?" Bàbá bi mí. "Wáyà yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Mo rí i, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé bó ṣe máa ń rí lọ́sàn-án náà nìyẹn?"

"Lọ́sàn-án..." Ó nu ojú. "Lọ́sàn-án, á mú, á já, á tún mú. Nẹ́tíwọ̀kì náà ni o."

Nẹ́tíwọ̀kì! Kò sí ẹ̀bi tí a kì í dì rù ú nílẹ̀ yìí, láti báńkì dé ilé epo.

Òótọ́ ni Bàbá sọ, iná náà ń ṣẹ́jú. Kò sí ohun tó ń gé wáyà bó bá di mítà 101. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àmì tí ẹ̀rọ kan rán sínú wáyà ń rẹ̀ bó ṣe ń rìn, àmì tó sì ń yára yí padà máa ń tètè rẹ̀ ju èyí tó ń fara balẹ̀ lọ. Ibi tó máa dé, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ariwo mọ́tò, ti ẹ̀rọ ajórin àti ti iná gílóòbù. Àwọn tó kọ ìlànà náà wá wo wáyà tó burú jù lọ tí ìlànà ṣì gbà, pẹ̀lú ojú ìsọwáyà tó burú jù lọ tí ìlànà ṣì gbà, wọ́n ní bí gbogbo ìwọ̀nyí bá pàdé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní mítà 100, á ṣì ṣiṣẹ́. Mítà 90 nínú rẹ̀ ni ti wáyà tí a kàn mọ́ ara ilé, 10 tó kù jẹ́ ti àwọn wáyà kéékèèké tí a máa ń ki bọ ẹ̀rọ lápá méjèèjì, nítorí pé irun wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló wà nínú àwọn yẹn, wọ́n sì máa ń rẹ àmì ju ti ara ògiri lọ.

Nítorí náà, ìdánilójú ni mítà 100. Ẹni tó bá fa 120 tó sì ń ṣiṣẹ́ kò rí iṣẹ́ ìyanu, ó kàn ń jẹ nínú àlékún tí wọ́n fi sílẹ̀ nítorí ọjọ́ burúkú ni. Lọ́jọ́ tí ọjọ́ burúkú náà bá wá dé, kò ní bá nǹkan kan nílẹ̀.

Ní ti Bàbá, ọ̀sán ni ọjọ́ burúkú náà. Ooru 20 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣírò mítà 90 yẹn. Ta ló rí 20 ní Ṣàgámù lọ́sàn-án oṣù Kejì? Bàbà tó wà nínú wáyà máa ń dènà iná sí i bó bá ti ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá tó bò ó náà. Bí ooru bá dé 40, mítà 90 náà á di 84. Bó bá dé 60, á di 75. Ẹ sì gun àjà ilé páànù ní agogo méjì ọ̀sán kí ẹ fọwọ́ kan wáyà tó wà níbẹ̀.

Nǹkan míì tún wà. Mo gé orí wáyà náà díẹ̀, mo fi abẹ ha ojú ọ̀kan nínú mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ bàbà ṣí kúrò, funfun yọ lábẹ́ rẹ̀. Alumíníọ́mù ni, bàbà ni wọ́n fi kùn ún lójú. Wọ́n kọ Cat6, orúkọ ìpele kan fún wáyà nẹ́tíwọ̀kì, gàdàgbà sára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìlànà Cat kankan tó gba irú wáyà bẹ́ẹ̀, torí pé ó ń dènà iná ju bàbà lọ, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì, á kán. Ẹni tó bá ti gbé páálí bàbà gidi rí lè fi èjìká mọ ayédèrú: fífúyẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá lọ ra wáyà ní Èkó, ẹ mú abẹ dání.

Kí n lè fi òye ọ̀rọ̀ náà han Alhaja, mo wọ inú súwíìṣì, mo yí ìyára ojú kan yẹn, ihò tí wáyà náà wọ̀, kúrò ní mẹ́gábíìtì 100 sí 10 ní sẹ́kọ́ńdì kan (bíìtì ni ẹyọ 0 tàbí 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀; ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni kìlóbíìtì, mílíọ̀nù rẹ̀ ni mẹ́gábíìtì). Wáyà kan náà, gígùn kan náà, ayédèrú kan náà, lábẹ́ páànù kan náà; ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò já mọ́. Ní mẹ́gábíìtì 10, àmì kì í yára yí padà tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í tètè rẹ̀. Mi ò fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, torí wáyà ayédèrú kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní ìyára kankan. Ṣùgbọ́n Alhaja rí ohun tí mo fẹ́ kó rí. A lè ta ìyára, kí a fi ra gígùn.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú mítà 100 ni pé òun nìkan kọ́ ni òpin tí Ethernet, ìlànà tí wáyà nẹ́tíwọ̀kì yìí ń tẹ̀ lé, ti ní rí, ìdí òpin náà sì ti yí padà láì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn fura. Nígbà tí Robert Metcalfe àti David Boggs bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ilé ìwádìí Xerox ní California ní 1973, wáyà kan ṣoṣo ni gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń lò. Nígbà tó dọjà, ìtàkùn kan rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá mítà 500. Èyí tó tín-ín-rín, tó sì dínwó, kò gbọdọ̀ kọjá 185. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ gbọ́ bóyá ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀. Bí méjì bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ wọn á kọlu ara wọn, àwọn méjèèjì á sì dákẹ́ kí wọ́n tó tún un sọ.

Àṣírí ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti kọlu ti ẹlòmíràn kó tó sọ ọ́ tán. Bó bá sọ ọ́ tán láì mọ̀, á rò pé ó dé, kò sì dé. Ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ jẹ́ bíìtì 512. Ní mẹ́gábíìtì 10, máíkírósẹ́kọ́ńdì 51.2 ni ẹ̀rọ máa fi sọ ọ́ tán (mílíọ̀nù kan máíkírósẹ́kọ́ńdì ló pé sẹ́kọ́ńdì kan). Láàárín àkókò yẹn, àmì gbọ́dọ̀ lè lọ dé ìpẹ̀kun nẹ́tíwọ̀kì kó sì padà bọ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé ìyára lọ sí 100 ní 1995, àkókò náà di 5.12, gbogbo nẹ́tíwọ̀kì sì ní láti sún kẹrẹ wá sí nǹkan bíi mítà 200 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Wáyà tó dára jù lọ láyé kò lè yí ìyẹn padà, torí wáyà kọ́ ló ń dá a dúró. Aago ni.

Súwíìṣì ló tú wọn sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ní ojú tirẹ̀ lára súwíìṣì, tó lè máa sọ kó sì máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkọlù tán, ọ̀rọ̀ aago sì tán pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo fáíbà, okùn dígí tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀, èyí tó ń gbé mẹ́gábíìtì 100: nígbà tí ìkọlù ṣì wà, mítà 412 ni òpin rẹ̀, nígbà tí ìkọlù kúrò, fáíbà kan náà dé kìlómítà 2. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan dígí inú rẹ̀. Ti wáyà bàbà nìkan ni kò sún sókè, torí pé ìdí kejì, ti rírẹ̀, ń dúró dè é ní mítà 100 kan náà.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkọlù tó ti di ìtàn. Kò tíì di ìtàn nínú jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ń pe òfin tí ẹ́ńjìnnì tòde òní fi ń bá pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní CAN. Ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ló gbé e jáde ní 1986 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, òun náà ló wà nínú àwọn tírélà tuntun tó ń kó àgbàdo wá. Nínú CAN, gbogbo ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á máa sọ nọ́ńbà wọn ní bíìtì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù lá máa bá ọ̀rọ̀ lọ, àwọn tó kù á gbé ẹnu dákẹ́. Kí èyí tó ṣeé ṣe, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ rí bíìtì kan náà kó tó kọjá. Àmì ń rìn nínú wáyà ní nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ó yára débi pé á ti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde kí ẹ tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n bíìtì kan ní mẹ́gábíìtì 1 kò ju máíkírósẹ́kọ́ńdì kan lọ. Mítà 40 lálọ àti lábọ̀ ti jẹ nǹkan bí ìdajì rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó ń gba àmì wọlé tó sì ń tì í jáde á jẹ nínú ìyókù. Ìdí nìyí tí òpin rẹ̀ fi jẹ́ mítà 40 ní mẹ́gábíìtì 1, nǹkan bíi 100 ní kìlóbíìtì 500, àti 500 ní kìlóbíìtì 125.

Àwọn kan fẹ́ gbé pánẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́yìnkùlé wá sínú yàrá ìṣàkóso. Wọ́n ti ra wáyà tó nípọn, tó wọ́n, wọ́n ní ó máa gbé e dé. Nínípọn wáyà kò ran aago lọ́wọ́. Ìlànà tí ẹ́ńjìnnì wọn ń tẹ̀ lé, J1939, sì ti dá kìlóbíìtì 250 àti mítà 40 lé e. Ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì kò lè wọ inú rẹ̀ lọ dín ìyára náà kù. Ibí ni ọjà tí kò ṣeé ná. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí á fi ògbufọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, kó gba ọ̀rọ̀ CAN, kó yí i sí Modbus, èdè kan tí àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ fi ń sọ̀rọ̀, lórí RS-485, ìlànà wáyà tó ń gbé e, ìyẹn á sì rìn wọlé ní ìrọ̀rùn. Modbus ti wà láti 1979, kò lẹ́wà, kò yára, ṣùgbọ́n RS-485 tó ń rìn lé lórí lè dé mítà 1200 bí a kò bá lé e ju bíi kìlóbíìtì 100 lọ.

RS-485 yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, mi ò sì ní purọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti yunifásítì kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wéébíríìjì Alhaja fẹ́ sọ: nọ́ńbà oníye márùn-ún tàbí mẹ́fà, nígbà tí tírélà bá dúró. Kí ni nọ́ńbà mẹ́fà fẹ́ fi mẹ́gábíìtì 100 ṣe? Lára àpótí wéébíríìjì náà, ojú méjì ló wà: RS-232, tí ìwé ń sọ pé kó má kọjá mítà 15, àti RS-485. Bí wọ́n bá ti lo ojú kejì láti ìbẹ̀rẹ̀, mítà 140 kò tó nǹkan.

PROFIBUS, òfin nẹ́tíwọ̀kì tó gbòde láàárín àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ti Jámánì wá, RS-485 náà ló wà lábẹ́ rẹ̀, òun ló sì fi ọ̀rọ̀ nínájà yìí hàn kedere jù. Ní kìlóbíìtì 93.75 wá sílẹ̀, mítà 1200. Ní 187.5, mítà 1000. Ní 500, 400. Ní mẹ́gábíìtì 1.5, 200. Láti 3 dé 12, mítà 100 péré. Ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rọ irin, wọ́n fi ẹ̀rọ kan kún ìparí ìlà tó ń lo 1.5, gbogbo ìlà náà sì gùn tó nǹkan bíi mítà 260. Látìgbà náà ni ẹ̀rọ ìparí ti ń fò jáde nínú nẹ́tíwọ̀kì bó ṣe wù ú. Wọ́n ní kí a gé ìlà náà sí méjì, kí a ra ẹ̀rọ àtúnsọ sáàárín. Ìyẹn kò burú, ṣùgbọ́n owó ni. Mo bi wọ́n pé ta ló ní kí ìyára jẹ́ 1.5. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí sọ́fítíwíà ṣe gbé e wá ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ìlà yẹn ń ṣe, 500 tó o, ó sì ṣẹ́kù. A sún un sí 500, òpin di mítà 400, a kò ra nǹkan kan.

Ká tó ṣe ìyẹn, mo tẹ̀ lé wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí kò sí ìyára tó lè wo ìsọwáyà burúkú sàn. Wáyà PROFIBUS, elésè-àlùkò lẹ́yìn. Ẹ bá bó o, ẹ máa bá àwọ̀n bàbà, lẹ́yìn rẹ̀ bébà tín-ín-rín tó ń dán, lẹ́yìn náà wáyà méjì tó lọ́ mọ́ra, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé. Àwọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ jókòó sábẹ́ irin inú kọnẹ́tọ̀, kó má ṣe fara kan pupa tàbí ewé. Lójú kọnẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀, bọ́tìnì kékeré kan wà tí wọ́n kọ ON àti OFF sí. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì ìlà, ON ló gbọ́dọ̀ wà; ní gbogbo àárín, OFF. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń so àwọn résísítọ̀, nǹkan kékeré tó ń dènà iná, mọ́ ìdí wáyà láti gbé àmì mì nígbà tó bá dé òpin. Bí kò bá sí nǹkan tó máa gbé e mì, àmì á ta padà, á sì bá èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jà lójú ọ̀nà. Nínú wáyà kúkúrú, gbohùngbohùn náà á ti kú kó tó pa ẹnikẹ́ni lára. Bí wáyà bá ṣe ń gùn, tí ìyára sì ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń balẹ̀ sórí bíìtì tó tẹ̀ lé e gan-an.

Ní ilé iṣẹ́ irin yẹn, ẹ̀rọ tuntun ti di ìpẹ̀kun, ṣùgbọ́n bọ́tìnì tirẹ̀ wà ní OFF. Ti ẹ̀rọ tó jẹ́ ìpẹ̀kun tẹ́lẹ̀ ni ẹnì kan ń tàn, tó ń pa, bó bá ti já. Bó bá sì wà ní ON, kọnẹ́tọ̀ náà máa ń gé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò. A ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ̀gbin irin ti bo ojú bọ́tìnì náà débi pé èékánná ni mo fi ha á kí n tó lè kà á. Ẹ tún rántí pé inú ẹ̀rọ ni résísítọ̀ yẹn ti ń gba iná tirẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ ìpẹ̀kun láti fọ̀ ọ́, àwọn tó kù lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ẹni tó ń fọ ẹ̀rọ kò sì ní mọ̀ pé òun lòun fà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Alhaja. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni ìbéèrè tí gbogbo olówó máa ń béèrè: "Ẹ̀ńjíníà, ṣé kò sí nǹkan tá a lè fi ti iná rẹ̀ sókè ni, kó lágbára, kó lè dé?"

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí, Alhaja. Ní 1858, wọ́n na wáyà sí abẹ́ òkun Àtìláńtíìkì láti Ireland dé Newfoundland. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọbabìnrin Victoria ránṣẹ́ sí ààrẹ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ 98 péré, ó gbà wọ́n ní nǹkan bíi wákàtí 16. William Thomson, tó di Lord Kelvin nígbẹ̀yìn, ti ṣírò rẹ̀ ṣáájú pé bí gígùn irú wáyà bẹ́ẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìfàsẹ́yìn àmì á di ìlọ́po mẹ́rin, ó sì ti ní kí wọ́n fi àmì kékeré ránṣẹ́, kí wọ́n wá etí tó mú sí òdìkejì. Wildman Whitehouse, tó jẹ́ olórí àwọn oníná ilé iṣẹ́ náà, ní ká ti iná sí i. Ó fi nǹkan bíi fólítì 2000 sí i (fólítì ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń ti iná). Láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wáyà náà kú sínú òkun, ó di 1866 kí wọ́n tó na òmíràn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Alhaja gbọ́ ìtàn náà tán, ó ní, "Èló ni wáyà yẹn?" Ọmọ Ìjẹ̀bú gidi ni.

A lè gbé súwíìṣì kan sí àárín ọ̀nà, nínú ilé ìkẹ́rùsí, kó gba ọ̀rọ̀, kó tún un sọ; mítà 100 míì á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n súwíìṣì náà á fẹ́ iná, ilé ìkẹ́rùsí àgbàdo kò sì sí láì sí eruku, eku tó sì wà níbẹ̀ kò níye. Mi ò fẹ́ kí kílò àgbàdo gbẹ́kẹ̀ lé eku.

Mo ti fẹ́ fi RS-485 parí ọ̀rọ̀, kí Alhaja tó ní òun tún ń fẹ́ kámẹ́rà lẹ́nu géètì tó máa ya nọ́ńbà tírélà lásìkò tí wọ́n bá ń wọn ọ́n. Kámẹ́rà kò ṣeé ki bọ RS-485. Ọ̀rọ̀ di ti fáíbà nìyẹn, àti nítorí ìdí kejì tí kò kan gígùn rárá. Nígbà òjò, àrá máa ń sán ní Rẹ́mọ débi pé fèrèsé á máa gbọ̀n. Géètì ní irin tirẹ̀ nínú ilẹ̀, ọ́fíìsì ní tirẹ̀. Bí àrá bá balẹ̀ sí tòsí ọ̀kan, ilẹ̀ ibẹ̀ á gba iná ju ti ibòmíràn lọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tí kò pé, wáyà bàbà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ á sì di ọ̀nà tó yá jù. Ṣàngó kì í wọn mítà: ogójì ni o, ogóje ni o, á gba ibẹ̀ kọjá. Ojú Ethernet lè fara da fólítì 1500 láàárín wáyà àti ara ẹ̀rọ, ìyẹn kò sì tó ìpápánu fún àrá. Dígí kì í gbé iná. Ẹ kàn rí i pé fáíbà tí ẹ rà kò ní irin nínú. Àwọn kan ní okùn irin tí wọ́n fi ń gbé e kọ́, ẹni tó bá sì so irin yẹn mọ́ ilé méjèèjì ti tún ṣí ilẹ̀kùn tó tì.

Owó fáíbà dun Alhaja. Fáíbà fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ tó ń yí iná padà sí ìmọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, àti owó ẹni tó máa jó orí rẹ̀ pọ̀, ni wọ́n ń gun owó. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, mo sọ fún un. Ó ní òun ti jẹ ọbẹ̀ tí kò náni lówó tó sì dùn. A jọ ná an, ó san án. Fáíbà kan náà ló ń gbé nọ́ńbà wéébíríìjì àti àwòrán kámẹ́rà wá báyìí, mítà 140 kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí Charles Kao ti kọ ọ́ ní 1966 pé ẹ̀gbin inú dígí ló ń pa ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti fọ̀ ọ́ mọ́, ìmọ́lẹ̀ ń rìn ọ̀pọ̀ kìlómítà nínú rẹ̀ kó tó rẹ̀.

Ọ̀kan tún ti dé tó lè yí ìṣírò wa padà. Ní 2019, IEEE, ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀ńjíníà tó ń ṣe ìlànà Ethernet, gba ìlànà kan wọlé tí wọ́n ń pè ní 10BASE-T1L: wáyà méjì péré tó lọ́ mọ́ra, mẹ́gábíìtì 10, mítà 1000. Ó lè gbé iná tí sẹ́ńsọ̀ máa lò dání, ó sì ṣeé fi rìn lórí irú wáyà tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ti rì mọ́lẹ̀ látijọ́. Kò ṣe idán: ìyára ló tà, ìdá kan nínú mẹ́wàá 100 tí a mọ̀, ó sì fi ra gígùn. Ẹ̀rọ tó ní ojú rẹ̀ ṣì ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa. Ọmọ Alhaja tó wà ní Jámánì ló kọ́kọ́ sọ fún un nípa rẹ̀. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ní ṣé wáyà tẹlifóònù àtijọ́ tó wà nínú ilẹ̀ láàárín ọ́fíìsì àti ilé jẹnẹrétọ̀ kò ní lè ṣe é, kí òun má tún ra nǹkan kan. Mo ní ó lè ṣeé ṣe. Mo ní ká kọ́kọ́ wọn wáyà náà ná: bó ṣe gùn tó, bó ṣe nípọn tó, àti ibi tí eku ti jẹ ẹ́.